Ilé Olódi Mélòó Ni Ọjọ́ Mẹ́rin Gbà ní Àfonífojì Aosta?

Ìbéèrè: "Kent la ń gbé. Ní ìsinmi àárín sáà, ní ìparí Oṣù Kẹwàá, èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì (ọmọ ọdún méje àti ọmọ ọdún mẹ́wàá) lọ sí Valle d'Aosta ní Ítálì, ká lọ wo àwọn ilé olódi àtijọ́ àti àwọn abúlé tó wà lábẹ́ wọn. Màmá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, máa bá wa lọ, ṣùgbọ́n orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Sátidé la máa balẹ̀ sí Turin, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa wọ bàálù padà. Mo ti kọ ilé olódi mọ́kànlá sílẹ̀. Ọkọ mi ní ó ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká mú, èwo ni ká fi sílẹ̀, báwo la sì ṣe máa rìn ín?"

Ìdáhùn: Ọkọ yín ló jàre. Mẹ́rin ni kí ẹ mú nínú mọ́kànlá yẹn: Bard, Verrès, Issogne àti Fénis. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ni gbogbo wọn wà, láàárín ibi tí ẹ máa gbà wọlé láti Turin sí ìlú Aosta, ọ̀nà kan náà ló sì so wọ́n pọ̀. Ẹ fi Sarre, Saint-Pierre, Aymavilles àti àwọn yòókù sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò dára. Ẹni tó bá ń sá láti ilé olódi kan bọ́ sí òmíràn kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́ nígbà tó bá padà délé, gbogbo ẹ̀ á ti di òkúta lásán lójú rẹ̀, àwọn ọmọ á sì ti sọ pé ó sú àwọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Mẹ́rin yìí yàtọ̀ síra pátápátá, ohun tí ẹ bá sì rí nínú ọ̀kan ni ẹ máa fi mọ ohun tí ẹ ń wò nínú èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ilé olódi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Valle d'Aosta ni agbègbè tó kéré jù lọ ní Ítálì. Òkè ńláńlá ló yí i ká, odò Dora Baltea ló sì la àárín rẹ̀ kọjá. Lápá òkè, ọ̀nà pàtàkì méjì ló gba orí òkè já síta: Great St Bernard, tó ga ní mítà 2,469, tó lọ sí Switzerland, àti Little St Bernard, tó ga ní mítà 2,188, tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Oníṣòwò, àlùfáà, ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ti àríwá Yúróòpù bọ̀ wá sí Róòmù, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Sigeric, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ará Kent yín níbẹ̀ yẹn, gba ọ̀nà náà padà láti Róòmù ní ọdún 990, àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó dúró sí lọ́nà sì ṣì wà títí dòní. Ẹni tó bá ti ní àpáta kan tó yọrí sójú ọ̀nà yìí, òun ni oníbodè: yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, yóò sì ti ọ̀nà nígbà ogun. Lábẹ́ àwọn ìjòyè Savoy, ìdílé tó ń ṣàkóso agbègbè náà nígbà yẹn, ìdílé tó lágbára jù níbẹ̀ ni ìdílé Challant. Àwọn ló ni Verrès, àwọn ló ni Fénis, àwọn náà ló ni Issogne. Nítorí náà, ìdílé kan ṣoṣo ni ẹ máa wò nínú ilé mẹ́ta, láàárín nǹkan bí ọgọ́fà ọdún: nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù ogun, nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ayé rí ọlá wọn, àti nígbà tí wọ́n kàn fẹ́ gbádùn. Bard ló máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wọn hàn yín.

Ẹ gba ilé sí agbègbè Châtillon tàbí Saint-Vincent kí ẹ sì sùn síbẹ̀ ní gbogbo òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àárín gbùngbùn ló bọ́ sí: bíi kìlómítà 25 ni síbi Bard, bíi 25 náà ni sí Aosta. Àwọn tó bá lọ gba ilé sí Courmayeur, ní ìpẹ̀kun òkè àfonífojì, nítorí pé orúkọ rẹ̀ lókìkí máa ń lo wákàtí púpọ̀ lójú títì lójoojúmọ́, owó ilé ibẹ̀ sì ga.

Nípa ọkọ̀: ẹ háyà mọ́tò ní pápákọ̀ Turin. Láti Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ti dá rélùwéè tó wà láàárín Ivrea àti Aosta dúró nítorí pé wọ́n ń fa iná mànàmáná sí i, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, ẹ wo ojú òpó Trenitalia, ilé iṣẹ́ rélùwéè Ítálì, kí ẹ tó sanwó, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúnkún màmá àti ọmọ méjì, mọ́tò ló máa gbà yín. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó. Káàdì kírédíìtì tí wọ́n máa ń béèrè fún owó ìdúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó máa wakọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti dúró bí ère níwájú káńtà nítorí pé káàdì ìyàwó ni wọ́n mú wá, tó sì jẹ́ pé orúkọ ọkọ ló wà nínú ìwé háyà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ kì í sábà mọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá ti ga ju sẹ̀ntímítà 135 lọ lè jókòó láìlo ìjókòó ọmọdé. Ní Ítálì, sẹ̀ntímítà 150 ni òfin sọ. Ẹ wọn ọmọ ọdún mẹ́wàá yín kí ẹ tó gbéra. Bí kò bá tíì pé 150, ẹ mú pẹpẹ ìjókòó rẹ̀ dání láti ilé, ó fúyẹ́, ó sì dín owó kù ju kí ẹ háyà rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà márosẹ̀ A5 ló lọ láti Turin wọ àfonífojì. Ẹ máa já tíkẹ́ẹ̀tì níbi àbáwọlé, ẹ máa sanwó níbi àbájáde. Ẹ má ṣe bọ́ sí ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ Telepass aláwọ̀ ìyẹ́lò sí, ti àwọn tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ nìyẹn, bí ẹ bá sì ti wọ ibẹ̀ ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn jáde. Owó A5 ga. Nítorí náà ẹ lò ó láti Turin dé Pont-Saint-Martin, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá máa lo ọ̀nà ìjọba SS26 tí kò gba kọ́bọ̀ ní gbogbo ìrìn inú àfonífojì. Abúlé kọ̀ọ̀kan ni SS26 ń gbà kọjá, ó rọra ń fà, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwọn ilé olódi náà bí àwọn tó fẹsẹ̀ rìn látijọ́ ṣe rí wọn. Níbi ìgbọ́kọ̀sí, ìlà funfun jẹ́ ọ̀fẹ́, ìlà búlúù ni a ń sanwó fún, ìlà ìyẹ́lò kì í ṣe ti àlejò. Bí ẹ bá rí àkọlé "disco orario", ẹ gbé páálí alágogo tó wà nínú mọ́tò síwájú gíláàsì, kí ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sí aago tí ẹ dé. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì róbótó olójú funfun tí pupa yí ká pẹ̀lú "ZTL" (agbègbè tí wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ àlejò wọ̀), ẹ má wọ̀ ọ́. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ, owó ìtanràn á sì bá yín dé Kent lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ilé iṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún yín á tún gba owó tiẹ̀ lórí pé wọ́n fi orúkọ yín ránṣẹ́. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí máàpù orí fóònù mú yín wọ inú abúlé. Òpópónà tí wọ́n là fún ìbaaka kò gba mọ́tò ìdílé, ẹ lè há síbi tí ẹ ò ti ní lè yí.

Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà bá ni màmá ń lò, físà Schengen ṣe pàtàkì, físà Gẹ̀ẹ́sì kò tó o. Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ti ń béèrè fún un. Bó bá jẹ́ pé àbẹ̀wò ni wọ́n wá ṣe sọ́dọ̀ yín, Nàìjíríà ló yẹ kí wọ́n ti gbà á. Wọ́n lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 15 ó kéré tán sí ìrìnàjò nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Yúrò 90 ni owó àgbàlagbà, àdójútòfò ìlera wọn sì gbọ́dọ̀ tó Yúrò 30,000 ó kéré tán. Ẹ̀yin tó ń lo ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é: kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá jáde.

Ó wá ku àkókò, òun ló sì máa ń ba ètò ìparí Oṣù Kẹwàá jẹ́ jù. Ní àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ilé olódi àfonífojì náà ti kúrò lórí wákàtí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń ṣí pẹ́, wọ́n ń tì ní ọ̀sán fún oúnjẹ, wọ́n ń tì ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣí rárá ní ọjọ́ Ajé. Bard náà kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ẹni ìkẹyìn máa ń wọlé ṣáájú àkókò títì, nítorí náà ẹ má ṣe fi aago tí wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ṣe aago tí ẹ máa dé. Aago á padà sẹ́yìn ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà, láti ọjọ́ yẹn ilẹ̀ á máa ṣú ní bíi aago márùn-ún àbọ̀, oòrùn sì ti ń wọ ẹ̀yìn òkè tipẹ́tipẹ́ kí ìgbà yẹn tó tó. Ẹ fi ilé olódi sí òwúrọ̀, kí ẹ fi abúlé sí ọ̀sán, nítorí abúlé kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì.

Bí bàálù yín bá balẹ̀ ṣáájú ọ̀sán Sátidé, ẹ wakọ̀ tààrà lọ sí Donnas, bíi wákàtí kan sí pápákọ̀. Ní ìparí abúlé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ SS26, ojú ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ sínú àpáta wà níbẹ̀, ó gùn ní mítà 221. Wọn ò kó òkúta tò ó, òkè ni wọ́n gé, tí wọ́n fi àpáta gan-an ṣe ilẹ̀ ọ̀nà. Ẹ tẹ̀ba kí ẹ fi ọwọ́ kan ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ti jẹ òkúta wọlé. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹnu ọ̀nà títẹ̀ kan sí látinú àpáta kan náà, ó nípọn ní mítà mẹ́rin, ó sì ga ní mítà mẹ́rin. Ní ayé àwọn Challant, ẹnu ọ̀nà yìí ni géètì abúlé, wọ́n ń tì í ní alẹ́. Òkúta máìlì kan wà nítòsí tí wọ́n fín XXXVI sí, máìlì Róòmù 36 láti Aosta nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá a fúnra wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, màmá lè rìn ín, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, ojú àpáta yẹn ń yọ̀.

Láti Donnas sí Bard kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ àlejò ti máa ń ṣi nǹkan mọ̀. Odi ńlá tí ẹ máa rí lórí àpáta, tó dà bíi pé ó dí gbogbo àfonífojì, kì í ṣe ti ayé àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin. Láàárín 1830 sí 1838 ni àwọn ọba ìdílé Savoy ní kí wọ́n kọ́ ọ. Odi àtijọ́ ti wà níbẹ̀ ṣáájú, àwọn Savoy gbà á ní 1242. Ní Oṣù Kàrún-ún 1800, Napoleon sọ̀ kalẹ̀ láti Great St Bernard pẹ̀lú bíi 40,000 ọmọ ogun, bíi 400 ọmọ ogun Austria tó wà nínú odi yẹn sì dá a dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òpópónà kan ṣoṣo ló wà, abẹ́ odi gan-an ló sì gbà kọjá, inú abúlé. Àwọn Faransé da koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹran sí ojú òpópónà yẹn lóru, wọ́n sì fi koríko di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn àgbá ogun wọn kí ariwo má baà ta àwọn tó wà lókè lólobó. Nígbà tí odi náà túúbá, Napoleon ní kí wọ́n wó o palẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí ni wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ní Bard, abúlé ni ohun àtijọ́, odi ni ohun ìgbàlódé. Ẹ kọ́kọ́ rin abúlé: òpópónà kan náà tí àwọn ará Róòmù là, ilé òkúta ti ọgọ́rùn-ún ọdún 15 àti 16 ní ọ̀tún àti òsì. Ẹ wo ojú fèrèsé tí wọ́n fi òkúta dá àgbélébùú sí, ilé ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Ẹ wo òrùlé náà. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bò ó. Ó wúwo gan-an, ìdí nìyẹn tí igi abẹ́ rẹ̀ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ àfonífojì yìí, tó lágbára ní Bard ju ibi púpọ̀ lọ, kò lè ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀rọ agbénisókè onídígí lọ sí odi. Ó ń gùn ún ní ìpele-ìpele, màmá kò ní gun àtẹ̀gùn kankan kí wọ́n tó dé òkè, nínú gbogbo ibi tó ga ní àfonífojì yìí, èyí ló rọrùn fún wọn jù. Musíọ́ọ̀mù nípa àwọn òkè Alps wà lókè níbẹ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ yín, ẹ fojú fo musíọ́ọ̀mù náà, kí ẹ dúró sí àgbàlá òkè kí ẹ wo ọ̀nà méjèèjì tí àfonífojì gbà lọ. Ẹ máa rí i pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbà yà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ti Verrès, níbi tí ẹ ti máa pín ara yín sí méjì. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọ̀nà gígùn sókè kan wà tí a ń fẹsẹ̀ rìn, ó ga, òkúta ló sì kún un. Nínú ilé náà, àtẹ̀gùn ni gbogbo rẹ̀. Kò yẹ kí màmá gbìyànjú ẹ̀. Kí ẹnìkan nínú yín kó àwọn ọmọ gòkè, kí èkejì mú màmá jókòó sí ilé kọfí nínú ìlú, láti ibẹ̀ wọ́n á máa rí ilé olódi náà lókè. Ẹ fún ara yín ní wákàtí kan àbọ̀.

Ibleto di Challant ló kọ́ Verrès, ó sì parí ní 1390. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gùn ní bíi mítà 30, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn ní mítà méjì àbọ̀. Kò sí ilé ìṣọ́ gogoro, kò sí ọ̀ṣọ́. Kí àwọn ọmọ gbójú sókè wo etí òrùlé: ihò tó wà lábẹ́ ibi tó yọ síta yẹn ni wọ́n ń gbà sọ òkúta lu orí ẹni tó bá dé ìdí ògiri. Ní inú, àgbàlá kan wà láàárín, àtẹ̀gùn òkúta gbòòrò sì ń yí i ká lọ sókè. Ọrun òkúta tó fò láti ògiri kan dé èkejì ló gbé e dúró, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ẹ máa kọjá. Ohun ogun ni gbogbo ilé yìí, síbẹ̀ ẹni tó kọ́ àtẹ̀gùn yẹn fẹ́ kí ó rẹwà. Ẹ má tètè kúrò nídìí rẹ̀.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wo ògiri òde. Ìyẹn kì í ṣe ti Ibleto. Ní 1536 ni Renato di Challant fi kún un nítorí pé àgbá ti dé, ihò tí wọ́n sì dá sí i gbòòrò fún ìbọn. Ẹ fi wé ojú ihò tóóró tó wà lára ilé gan-an. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló sọ ìtàn bí ogun ṣe yí padà. Ní 1661, ìjòyè Savoy kó àwọn ohun ìjà Verrès lọ sí Bard, láti ìgbà yẹn ni Verrès ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, títí Alfredo d'Andrade, ayàwòrán ilé, fi tún un ṣe ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún 19.

Ẹ jẹun ọ̀sán kí aago kan tó kọjá púpọ̀. Ilé oúnjẹ níbẹ̀ ń pa iná ìdáná ní bíi aago méjì, kò sì ní tan padà kí ó tó di aago méje alẹ́. Ẹni tó bá jáde láti ilé olódi ní aago mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ tébi ń pa, búrẹ́dì àti bisikíìtì ló máa rí rà. Arnad, tó wà láàárín Bard àti Verrès, lókìkí fún ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ àti ewé olóòórùn fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Wọ́n ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé búrẹ́dì dúdú. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ béèrè polenta concia: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò bí túwó, tí wọ́n yọ́ wàràkàṣì fontina àti bọ́tà sí. Ó kún inú, àwọn ọmọ kì í sì í kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè kí wọ́n tó gbé e wá bóyá wọ́n fi sọ́séèjì sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Issogne, òdìkejì odò, bíi kìlómítà méjì péré sí Verrès. Bí ó bá jẹ́ pé ilé kan ṣoṣo ni ẹ máa wò nínú gbogbo àfonífojì, èyí ni kó jẹ́. Láti ìta, ẹ lè rò pé ẹ ti ṣìnà: ó dà bí ilé ńlá lásán láàárín abúlé, kò sórí àpáta, kò ní omi tó yí i ká. Láàárín bíi 1490 sí 1510 ni Giorgio di Challant tún un kọ́ fún ìgbé ayé ìdẹ̀ra. Ẹ wọ àgbàlá rẹ̀, ẹ máa rí igi pómégíránétì kan tí wọ́n fi irin rọ, tó dúró láàárín ọpọ́n omi, pẹ̀lú ewé àti èso. Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo ewé náà dáadáa, nítorí kì í ṣe ewé pómégíránétì ni alágbẹ̀dẹ náà rọ sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ òrùlé ẹ̀gbẹ́ àgbàlá kí ẹ gbójú sókè. Àwòrán ara ògiri tó wà níbẹ̀ ni ó sọ Issogne di ohun tí kò láfiwé. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń ya ẹni mímọ́ àti ọba, ọjà ni ẹni yìí yà. Aránṣọ ń gé aṣọ, ìdì aṣọ sì tò sórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Olóògùn to ìkòkò òògùn rẹ̀ sí ara ògiri, ẹnìkan sì ń gún nǹkan nínú odó. Alápatà wà níbẹ̀, oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ewébẹ̀ àti èso wà níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ wọn. Níbi ìsọ̀ oníwàràkàṣì, ẹ máa rí wàràkàṣì róbótó tí wọ́n tò jọ. Àwọn ará àfonífojì sọ pé fontina ni, àwòrán rẹ̀ tó pẹ́ jù lọ. Nínú yàrá àwọn ẹ̀ṣọ́, ohun ìjà ń bẹ lára ògiri, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń ta ayò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà ṣe rí ní ìgbà náà, ìhín ló yẹ kó wá. Ẹ fún àwọn ọmọ ní bébà àti pẹ́ńsùlù, kí wọ́n mú ìsọ̀ kan kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àgbàlá yìí àti àwọn yàrá ìsàlẹ̀, títí kan gbọ̀ngàn tí wọ́n ya igbó àti ọdẹ sí ara ògiri rẹ̀, ni màmá lè rí láìsí wàhálà. Àtẹ̀gùn tó lọ sókè ń yí bí ìgbín, ó há, òkúta rẹ̀ sì ti jẹ. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró nísàlẹ̀, wọn ò pàdánù ohun tó dára jù. Ní Issogne àti Fénis, iye èèyàn tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ní òdiwọ̀n, ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni, nígbà púpọ̀ pẹ̀lú amọ̀nà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n ń ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé. Ẹ wo àwọn ìkọ̀wé kéékèèké tí àwọn àlejò àtijọ́ fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín sí ara ògiri náà. Kí àwọn ọmọ má fi tiwọn kún un.

Ọjọ́ Ajé, tí ilẹ̀kùn wà ní títì, ìlú Aosta ni kí ẹ lọ. Ọdún 25 ṣáájú Kristi ni àwọn ará Róòmù tẹ̀ ẹ́ dó, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ọjọ́ màmá nìyẹn. Ògiri Róòmù ṣì yí ìlú ká, ẹ sì máa rí bí àwọn ìjòyè ayé àtijọ́ ṣe kọ́ ilé ìṣọ́ tiwọn lé orí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Orso, ẹ bèèrè àgbàlá tí òpó yí ká, ti ọgọ́rùn-ún ọdún 12. Ìtàn Bíbélì ni wọ́n gbẹ́ sí orí àwọn òpó náà, àwọn òpó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún méje lè fojú kòjú pẹ̀lú wọn. Bí ojú ọjọ́ bá dára lọ́sàn-án, ẹ wakọ̀ gòkè lọ sí Étroubles, abúlé òkúta tó ga ní bíi mítà 1,270 lójú ọ̀nà Great St Bernard. Ẹ má gbìyànjú láti lọ sí ojú òkè náà gan-an. Nígbà yẹn, yìnyín sábà máa ń ti mú kí wọ́n ti ojú ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní ṣí títí di Oṣù Kẹfà.

Fénis ló kù fún òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ògiri méjì tó yí i ká, ilé ìṣọ́ gogoro, eyín ògiri, gbogbo ohun tí ọmọdé ń yà nígbà tí a bá ní kó ya ilé olódi. Nítorí pé ẹ ti rí Verrès, ẹ máa tètè bi ara yín léèrè: kí ló dé tí ibi tó lágbára tó báyìí kò fi sí lórí àpáta? Ìdáhùn ni pé ọlá ni wọ́n fi ṣe, ju ogun lọ. Aimone di Challant àti ọmọ rẹ̀ Boniface ló sọ ọ́ di bó ṣe rí. Nínú àgbàlá, àtẹ̀gùn ìlàjì róbótó kan wà, George mímọ́ ń pa dírágónì lókè rẹ̀, lára ògiri yí ká sì ni àwọn àgbà ọlọ́gbọ́n tó na ìwé lọ́wọ́, òwe Faransé àtijọ́ ló wà nínú ìwé wọn. Ẹgbẹ́ ayàwòrán Giacomo Jaquerio ni wọ́n ka iṣẹ́ ibẹ̀ sí. Lẹ́yìn tí àwọn Challant tà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún 18, ó di ilé oko. D'Andrade kan náà tó tún Verrès ṣe ló rà á ní 1895. Apá kan ohun tí ẹ máa rí jẹ́ àtúnṣe, pàápàá ti ọdún 1935 sí 1942, nítorí náà ẹ bi amọ̀nà léèrè bí ògiri kan bá mọ́ jù.

Òkúta ń mú òtútù ju ìta lọ. Ẹ fi aṣọ òtútù fún màmá kódà bí oòrùn bá ń ràn, kí gbogbo yín sì wọ bàtà onírọ́bà abẹ́.

Láti Fénis, ẹ bọ́ sí A5 ní Nus. Ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún pápákọ̀ Turin, kí ẹ fi ìdajì wákàtí kún un fún dídá mọ́tò padà. Ẹ bu epo kún un kí ẹ tó wọ ọ̀nà márosẹ̀, nítorí epo orí A5 wọ́n jù. Níbi epo, ẹ lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n kọ "self" sí. Èyí tí wọ́n kọ "servito" sí, owó ẹni tó ń bá yín bu epo wà nínú rẹ̀.